Bí Ọjà Bá Bàjẹ́, Ta Ló Ń Jẹ́jọ́?

Ẹni tó bá ti ra fóònù rí ní Computer Village n'Íkẹjà mọ bí wọ́n ṣe ń ṣe é. Kí ẹ tó sanwó, ẹ ó ki káàdì SIM yín bọ̀ ọ́, ẹ ó pe ẹnì kan, ẹ ó tan tọ́ọ̀ṣì, ẹ ó ya fọ́tò, ẹ ó sì fi ṣájà sí i bóyá iná ń wọlé. Ẹni tó ń tà á á dúró tì yín: "Ẹ yẹ̀ ẹ́ wò dáadáa o, bọ̀ọ̀dá. Tẹ́ ẹ bá ti kúrò níbí, ó ti di tiyín." Wọ́n á tún ti lẹ bébà mọ́ ògiri pé ọjà tí wọ́n bá ti tà, wọn kì í gbà á padà. Ààbò tí olùrà ní kò ju kí ojú rẹ̀ dá ṣáṣá, tàbí kó mọ ẹnì kan tó mọ olùtajà.

Ní Hamburg ní Jámánì, níbi tí mò ń gbé, wọ́n ti gbé wàhálà yẹn kúrò lọ́rùn olùrà. Jákèjádò àwọn orílẹ̀-èdè EU, ìyẹn àjọ ìṣọ̀kan Yúróòpù, ọdún méjì, ó kéré tán, ni ọjà tuntun ṣì fi wà lọ́rùn ẹni tó tà á. Èyí tí wọ́n bá rà lórí íntánẹ́ẹ̀tì, ọjọ́ 14 wà láti dá ọ̀pọ̀ nínú wọn padà láìsọ ìdí. Ṣùgbọ́n ibi tí mo fẹ́ràn jù nínú òfin náà ni èyí: bí ọjà bá bàjẹ́ láàárín ọdún kan àkọ́kọ́, wọ́n á gbà pé àléébù náà ti wà lára rẹ̀ láti ìsọ̀. Bí olùtajà bá ní kò rí bẹ́ẹ̀, òun ni kó wá ẹ̀rí wá. Oṣù mẹ́fà péré ni tẹ́lẹ̀ ní Jámánì. January 2022 ló di ọdún kan.

Ẹ̀rọ ìfọṣọ mi kò tíì pé ọdún tó fi kọ̀ tí kò da omi nù mọ́. Omi kún inú rẹ̀, aṣọ ń léfòó. Mo pe ìsọ̀ tí mo ti rà á. Obìnrin tó gbé fóònù béèrè ọjọ́ tí mo rà á àti nọ́ńbà tó wà lórí rìsíìtì. Kò bi mí bóyá mo di aṣọ kún un jù. Wọ́n rán ẹnì kan wá, ó dojú ẹ̀rọ náà bolẹ̀, ó yọ pọ́ǹpù kékeré kan nísàlẹ̀ rẹ̀, ó fi tuntun sí i, ó ní kí n buwọ́ lùwé. N kò san kọ́bọ̀, n kò sì bẹ ẹnikẹ́ni. Àìbẹ ẹnikẹ́ni yẹn ló wọ̀ mí lára jù.

Nàìjíríà náà ní òfin o. FCCPA, òfin tó ń dáàbò bo olùrà, tí wọ́n fọwọ́ sí ní 2019, fún olùrà lẹ́tọ̀ọ́ láti dá ọjà tó ní àléébù padà. Àjọ FCCPC tó ń mú òfin náà ṣẹ sì lágbára: ní July 2024, wọ́n bu ìtanràn 220 mílíọ̀nù dọ́là lé Meta, ilé iṣẹ́ tó ni Facebook àti WhatsApp. Àmọ́ ẹni tí fóònù kan ṣoṣo bà jẹ́ mọ́ lọ́wọ́, ta ni yóò bá a gbé ẹjọ́ rẹ̀ dé Àbújá? Níbi tí ẹ̀rí bá ti wà lọ́rùn olùtajà, olùrà kò nílò lọ́yà rárá.

Àwọn kan nínú òfin Yúróòpù sì ti ń tọ̀ wá wálé. Wọ́n pàṣẹ pé láti December 28, 2024, ṣájà USB-C ni gbogbo fóònù tuntun tí wọ́n bá ń tà ní EU gbọ́dọ̀ máa lò. Apple ti yí sí i láti orí iPhone 15 ní 2023. Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin n'Íbàdàn tó ń lo Samsung àti ọmọ rẹ̀ tó ń lo iPhone ti jọ ń lo ṣájà kan báyìí. Láti June 20, 2025 ẹ̀wẹ̀, ilé iṣẹ́ tó bá ń ta fóònù ní EU gbọ́dọ̀ máa fún un ní àtúnṣe sọ́fítíwia fún ọdún márùn-ún, ó kéré tán, lẹ́yìn tí wọ́n bá ti dẹ́kun títà á. Inú mi dùn sí èyí gan-an, torí pé ọ̀pọ̀ fóònù tòkunbọ̀ tá à ń lò nílé, òkè òkun níbí ni wọ́n ti kọ́kọ́ lò ó.