Fèrè Rélùwéè ní Mọ́níyà

Ẹ̀gbọ́n ìyá mi ni mo ń lọ kí ní Ìbàdàn tí mo fi wọ rélùwéè ní Alágoméjì, ní Yábàá. Àwọn ará Ṣáínà ló ṣe ojú irin náà, kìlómítà 157. Oṣù kẹfà ọdún 2021 ni wọ́n ṣí i.

Mo jókòó sí ẹ̀gbẹ́ fèrèsé. Nígbà tí mo wà ní kékeré, tí a bá ti kọjá Àgbádo, a ti kúrò ní Èkó nìyẹn. Ní báyìí, páànù lórí páànù ni títí. Nígbà tí igbó fojú hàn, búlọ́ọ̀kù ti wà nínú ẹ̀, pẹ̀lú ògiri tí wọ́n fi ọ̀dà pupa kọ ọ́ sí pé ilẹ̀ náà kì í ṣe títà.

Mọ́níyà ló já wa sí, ẹ̀yìn ìlú. Bẹ́ẹ̀ náà ni rélùwéè àwọn Gẹ̀ẹ́sì tó wọ Ìbàdàn ní 1901 ṣe, Dùgbẹ̀ ló já sí, ẹ̀yìn ìlú ni Dùgbẹ̀ náà nígbà yẹn. Nígbà tó yá, kòkó ló ń kó lọ sí èbúté, àwọn ilé iṣẹ́ òyìnbó sì kọ́ ṣọ́ọ̀bù yí i ká, ni Dùgbẹ̀ àti Gbági bá di ọjà ńlá. Tí ẹ bá fẹ́ mọ ibi tí Mọ́níyà ń lọ, ẹ wo Dùgbẹ̀.

Máíkírà ni mo wọ̀ níbẹ̀. Sítíkà kan lẹ̀ mọ́ bọ́ọ̀tù rẹ̀, èdè Jámánì ni wọ́n fi kọ ọ́. Mo bi awakọ̀ pé kí ni ìtumọ̀ rẹ̀.

"Bí mo ṣe rà á nìyẹn, Àǹtí. Ó lè jẹ́ àdúrà."

Tòkúnbọ̀ mà ni wá o, àtọkọ̀ àtèrò!

Màmá, ẹ̀gbọ́n ìyá mi, gbé àmàlà síwájú mi, gbẹ̀gìrì àti ewédú. Wọ́n nawọ́ sí ilé alájà kan lódìkejì. "Oko ẹ̀gẹ́ ọkọ mi nìyẹn." Ìgbà tí ìròyìn rélùwéè kọ́kọ́ jáde ni àwọn ẹbí tà á, wọ́n rò pé àwọn gbọ́n. Ọ̀kadà ni wọ́n fi owó rẹ̀ rà. Ọ̀kadà ọ̀hún ti bàjẹ́, ilẹ̀ sì ń gbówó lórí.

Mo ní kí Màmá jẹ́ ká jọ wọ rélùwéè lọ sí Èkó. Wọ́n ní kí ni àwọn fẹ́ lọ ṣe ní Èkó? Wọ́n ní fèrè rẹ̀ tó àwọn, òun ni àwọn fi ń mọ ìgbà tí ó yẹ kí àwọn gbé omi àmàlà kaná.