Àìsàn Ńlá àti Físà Ìyàwó ní Ìlú Ọba

Ọ̀rọ̀ kan wà tí wọ́n máa ń sọ fún àwa obìnrin Yàgbà àti Òwé tí a bá fẹ́ lọ bá ọkọ wa ní Ìlú Ọba: pé ẹni tí físà rẹ̀ kò bá fún láyè láti gba owó ìrànwọ́ ìjọba kò gbọdọ̀ gbé àìsàn lọ sí ọsibítù, kí wọ́n má baà gba físà náà lọ́wọ́ rẹ̀. Ọ̀rọ̀ yìí kì í ṣe òótọ́, ó sì lè pa ènìyàn. Ìsánlú ni mo wà bí mo ti ń kọ èyí, mo wá kí àwọn òbí ọkọ mi, àwọn ìyàwó tó ń retí físà kò sì yéé bi mí léèrè rẹ̀.

Nígbà tí àyẹ̀wò fi hàn pé jẹjẹrẹ ni kókó tó wà ní ọmú mi, ìyá ọkọ mi pè wá kíákíá. Wọ́n ní, "Ìyàwó mi, máa bọ̀ nílé o, kí wọ́n má lọ tìtorí owó ọsibítù lé ìwọ àti ọkọ rẹ kúrò níbẹ̀. A ó ta ilẹ̀, a ó gbé ọ lọ sí Ìbàdàn." Ìfẹ́ ni wọ́n fi sọ ọ́, mo sì dúpẹ́ lọ́wọ́ wọn, ṣùgbọ́n a ti san owó náà kí n tó kúrò nílé rárá. Láti ọjọ́ 6 oṣù kejì ọdún 2024, £1,035 ni àgbàlagbà ń san fún ọdún kọ̀ọ̀kan nígbà tó bá ń bẹ̀bẹ̀ fún físà. Lórí físà ìyàwó àkọ́kọ́, tó jẹ́ ọdún méjì àti oṣù mẹ́sàn-án tí wọ́n ń kà sí ọdún mẹ́ta, owó náà jẹ́ £3,105. Òun ni wọ́n ń pè ní Immigration Health Surcharge, owó ìtọ́jú ìlera tí a ń san pọ̀ mọ́ físà. Àìsàn kì í sọ ọ́ di púpọ̀, owó náà kò sì yọ àìsàn tó ti wà lára ẹni láti ilé sílẹ̀. Owó ìrànwọ́ tí òfin kà léèwọ̀ ni irú Universal Credit àti owó tí wọ́n ń san fún aláàbọ̀ ara. Ìtọ́jú NHS, ìyẹn ètò ìlera ìjọba níbẹ̀, kò sí lára wọn.

Ohun tó yẹ kó bà wá lẹ́rù ni ọjọ́ tí físà yóò parí. Ìtọ́jú jẹjẹrẹ máa ń pẹ́, ọjọ́ náà sì lè bọ́ sí àárín rẹ̀. Ẹni tó bá ti bẹ̀bẹ̀ fún òmíràn kó tó parí ṣì wà lábẹ́ ààbò títí wọn yóò fi dá a lóhùn, ṣùgbọ́n ẹni tó bá jẹ́ kí ọjọ́ kọjá lè rí ìwé owó tó jẹ́ ìlọ́po kan àti ààbọ̀ iye tí ìtọ́jú náà ń náni.

Níbi ìforúkọsílẹ̀ ní ilé ìwòsàn GP, ìyẹn dókítà àdúgbò, ni wọ́n ti dá mi dúró. Ọmọbìnrin tó jókòó níwájú yẹ ìwé iná mọ̀nàmọ́ná wa wò, ó rí i pé orúkọ ọkọ mi nìkan ló wà níbẹ̀, ó sì dá a padà fún mi pé kí n máa lọ títí n ó fi ní ìwé tó jẹ́ orúkọ mi. Ìlànà NHS ní England kò béèrè ẹ̀rí ilé tàbí ìwé ìgbélùú kí wọ́n tó gba ènìyàn sílẹ̀. Ọkọ mi rọra bẹ̀ ẹ́ pé kó kọ ìdí tó fi kọ̀ wá sínú ìwé. Ó wọlé lọ bá ọ̀gá rẹ̀, nígbà tó sì jáde, fọ́ọ̀mù ìforúkọsílẹ̀ GMS1 ló wà lọ́wọ́ rẹ̀. Láti ibẹ̀ ni GP ti fi orúkọ mi ránṣẹ́ sí ọsibítù ní kánjúkánjú.

Ní England, £9.90 ni wọ́n ń gbà lórí oògùn kọ̀ọ̀kan tí dókítà bá kọ, ṣùgbọ́n kò yẹ kí ẹni tó ní jẹjẹrẹ san án. Ẹ béèrè fọ́ọ̀mù FP92A, tí a fi ń bẹ̀bẹ̀ pé kí wọ́n má gba owó náà, lọ́wọ́ GP. Ìwé ẹ̀rí tó máa ń tẹ̀lé e ń ṣiṣẹ́ fún ọdún márùn-ún. Ní Scotland, Wales àti Northern Ireland, ẹnikẹ́ni kì í san owó oògùn bẹ́ẹ̀.

Ògbufọ̀ náà wà lọ́fẹ̀ẹ́, ẹ má sì fi ọmọ yín ṣe ògbufọ̀ lórí ọ̀rọ̀ tó wúwo tó báyìí. Nígbà tí wọ́n bá ń fún yín lọ́jọ́ ni kí ẹ ti béèrè ẹni tó gbọ́ Yorùbá, kí wọ́n lè ráyè wá a.