Ojú tí Àbúrò Mi Máa Ń Wò

Bí wárápá bá ti fi àbúrò mi sílẹ̀, yóò kọ́kọ́ fi ìka kan ahọ́n rẹ̀ wò bóyá ó ti gé e jẹ. Lẹ́yìn náà ni yóò máa wo ojú wa lọ́kọ̀ọ̀kan, nítorí pé òun nìkan ni kò mọ ohun tí ó ṣẹlẹ̀. Ìṣẹ́jú méjì péré ni ó fi gbé e, ṣùgbọ́n ẹ̀rù tí ó bá rí lójú wa kì í tán lára rẹ̀ bọ̀rọ̀.

Inú ọpọlọ ni wárápá ti ń wá. Iná mànàmáná tín-ín-tín ni àwọn sẹ́ẹ̀lì ọpọlọ fi ń ránṣẹ́ síra wọn. Bí ọ̀pọ̀ nínú wọn bá ta lẹ́ẹ̀kan náà, ara lè gan, kí ọwọ́ àti ẹsẹ̀ máa jà, kí itọ́ sì hó lẹ́nu. Itọ́ náà kì í ran ènìyàn, ẹ jọ̀wọ́. Ìbẹ̀rù rẹ̀ ni ọ̀pọ̀ fi ń sá ní àkókò tí ó yẹ kí wọ́n sún mọ́ ẹni tí ó ṣubú. Ti ẹlòmíràn kì í tilẹ̀ gbé e ṣánlẹ̀: ọmọ náà yóò kàn dákẹ́, yóò ranjú mọ́ ibì kan fún ìṣẹ́jú àáyá mélòó kan, olùkọ́ yóò sì rò pé kò fọkàn sí ẹ̀kọ́ ni.

Ní ọjọ́ àkọ́kọ́, èmi fúnra mi fẹ́ ki ṣíbí bọ̀ ọ́ lẹ́nu, ó sì ń dùn mí di òní, nítorí pé ó lè kán an léyín. A kò gbọdọ̀ fi ohunkóhun sí i lẹ́nu, a kò sì gbọdọ̀ dì í mú. Kí a fi ohun rírọ̀ sábẹ́ orí rẹ̀, kí a máa wo aago, kí a sì dà á fi ẹ̀gbẹ́ dùbúlẹ̀ bí ara rẹ̀ bá ti rọ̀; bí ó bá kọjá ìṣẹ́jú 5, ilé ìwòsàn ti yá.

Àjọ Ìlera Àgbáyé sọ pé nǹkan bí mílíọ̀nù 50 ènìyàn ni ó ní wárápá, àti pé bí a bá yẹ̀ wọ́n wò dáadáa tí wọ́n sì ń lo oògùn tí ó tọ́, ó lè tó 70 nínú 100 wọn tí kò ní gbé mọ́. Àbúrò mi wà lára wọn báyìí. Síbẹ̀, kì í ti ilẹ̀kùn balùwẹ̀, bí kò bá sì sùn dáadáa lálẹ́, ìfòyà ni yóò fi jí. Láìpẹ́ yìí ni ó bi mí pé, "Ẹ̀gbọ́n mi, ṣé kí n sọ fún ọmọbìnrin tí mò ń fẹ́?" Mo ní kí ó sọ, kí ó sì kọ́ ọ bí a ṣe ń dà á fi ẹ̀gbẹ́ dùbúlẹ̀. Ó ti kọ́ ọ.