Ọgbà Ẹ̀fọ́ Tí Èkan Ti Gbà

Láti ìgbà tí iṣẹ́ ti gbà mí lákòókò ní Kàbà níhìn-ín ni koríko èkan ti bo ọgbà ẹ̀fọ́ ẹ̀yìnkùlé wa, débi pé a kò rí ebè kankan mọ́. Òwúrọ̀ Sátidé nìkan ni mo ní àyè, nítorí náà igun tó súnmọ́ kànga ni mo kọ́kọ́ mú. Àdá nìkan kì í ṣẹ́gun èkan, torí gbòǹgbò rẹ̀ funfun, ó le, orí rẹ̀ sì mú ṣóńṣó bí abẹ́rẹ́. Èyí tó bá ṣẹ́kù sínú ilẹ̀ yóò tún hù. Mo fi ọkọ́ wú u, mo ṣà á sínú agbọ̀n, mo sì sá a sórí àpáta kí ó gbẹ. Bàbá àgbà kan tó ń kọjá kí mi bí wọ́n ṣe ń kíni níhìn-ín pé, “Òkun o,” wọ́n sì gbà mí nímọ̀ràn pé kí n fi koríko gbígbẹ tó nípọn bo ibi tí ọwọ́ mi kò tíì dé, kí ìmọ́lẹ̀ má baà kan èkan. Tẹ̀tẹ̀ ni mo gbìn, nítorí ní bí ọ̀sẹ̀ 4 a ó ti máa já a. Ó ti ń hù báyìí, inú mi sì dùn gidigidi. Ibi tí ìyá mi máa ń gbin ewédú sí ló kàn.