Bàtà Wọlé, Ìtọ̀ Ní Òun Ń Jáde

Alẹ́ ọjọ́ Jímọ̀ ni, nílé kan ní Ìbàdàn. Àbúrò ìyá ìyàwó, ẹ jẹ́ ká kàn máa pè é ní Àǹtí, gbé bàtà gogoro tó rà fún ìgbéyàwó ọ̀la sílẹ̀, ó ti ẹsẹ̀ bọ̀ ọ́, ẹsẹ̀ ní òun ò lọ. Ó bu páúdà sí i. Ó fi ọwọ́ ṣíbí há gìgísẹ̀. Ó pe ọmọ rẹ̀ kó wá bá òun tì í lẹ́yìn, bí ẹni ń ti mọ́tò tí bátìrì rẹ̀ ti kú. Ìka márùn-ún wọlé, gìgísẹ̀ wà níta, ó ń wojú wọn. Ọmọ fi àtàǹpàkò tẹ ojúgun ìyá rẹ̀ fún bí ìṣẹ́jú àáyá 10, ó gbé ọwọ́ kúrò, ihò tó dá síbẹ̀ ò kúrò.

Omi ẹsẹ̀ yẹn ò ṣẹ̀ṣẹ̀ dé. Láti Ọjọ́rú ni Àǹtí ti dúró nídìí agbada, tó ń dín ṣinṣín. Orúnkún wá ń dùn ún, ló bá ń gbé ibuprofen mì lẹ́ẹ̀mẹta lójúmọ́. Oògùn ìrora ni lóòótọ́, ṣùgbọ́n ó máa ń jẹ́ kí kíndìnrín há iyọ̀ àti omi mọ́ra. Iyọ̀ ọ̀hún náà ò sì wọ́n nílé wọn: mágì 6 ni wọ́n ń fọ́ sínú ọbẹ̀ kí wọ́n tó tún bu iyọ̀ lé e, bẹ́ẹ̀ iyọ̀ ni nǹkan bí ìdajì mágì kan. Àjọ Ìlera Àgbáyé ní kí iyọ̀ tí àgbàlagbà ń jẹ lóòjọ́ má tó gíráàmù 5, ìyẹn bíi ṣíbí tíì kan, tòun ti èyí tó fara pamọ́ sínú mágì, búrẹ́dì àti ẹja gbígbẹ. Tí iyọ̀ bá pọ̀ jù, ara á mú omi dání kí ẹ̀jẹ̀ má baà di omi iyọ̀. Omi náà á ṣàn lọ síbi tó rẹlẹ̀ jù lọ, ọrùn ẹsẹ̀ nìyẹn. Ẹran ẹ̀yìn ojúgun ló ń fún un padà sókè nígbà tá a bá ń rìn. Ẹni tó dúró gbagidi nídìí agbada ò rìn.

Ohun tó yẹ kí Àǹtí ṣe lálẹ́ ọjọ́ náà ò ná an ní kọ́bọ̀. Kó sùn gbalaja, kó fi ìrọ̀rí 2 tàbí 3 gbé ẹsẹ̀ ga ju àyà lọ fún ìṣẹ́jú 20 sí 30. Kó máa yí ọrùn ẹsẹ̀, kó máa nà án, kó máa ká a. Kó jẹ oúnjẹ alẹ́ tí ò ní mágì. Kó bi apòògùn bóyá nǹkan míì wà fún orúnkún yẹn. Ṣùgbọ́n ta ló fẹ́ gbọ́ "gbé ẹsẹ̀ sókè" nígbà tí ìgbéyàwó ku ọ̀la? Nǹkan mímu ni wọ́n ń wá.

Aládùúgbò ló kọ́kọ́ sọ̀rọ̀: irùkẹ̀rẹ̀ àgbàdo. Kò parọ́, ó pẹ́ tí wọ́n ti ń lò ó láti fi mú ìtọ̀ wá. Bó ṣe yẹ kéèyàn ṣe é ni pé kó yọ ọ́ lára àgbàdo tí wọn ò fín oògùn kòkòrò sí, kó gé ibi tó ti dúdú dànù, kó fọ̀ ọ́, kó sá a sí abẹ́ òjìji. Ṣíbí tíì 2 èyí tó ti gbẹ sínú ife omi híhó kan, kó dé e fún ìṣẹ́jú 10 sí 15, kó sẹ́ ẹ. Ife kan láàárọ̀, ọ̀kan lọ́sàn-án, kó má kọjá aago 4 ìrọ̀lẹ́. Àǹtí da irùkẹ̀rẹ̀ ogún ṣùkù sínú ìkòkò kan ṣoṣo, ó sè é títí ó fi dúdú bí omi aró, ó mu ife 2 ní aago 9 alẹ́.

Ìyàwó ilé tún gbé sóbò dé. Ìṣápá pupa náà ń mú èèyàn tọ̀ díẹ̀, ó sì máa ń fa ẹ̀jẹ̀ ríru wálẹ̀, ìdí nìyẹn tó fi yẹ kí ẹni tó ń lo oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru bi dókítà kó tó sọ ọ́ di omi mímu. Ọmọ àbíkẹ́yìn ní kí wọ́n gé bàrà olómi pupa, pé ó ń lé omi. Bẹ́ẹ̀ ó ju ìdá 90 nínú 100 rẹ̀ lọ tó jẹ́ omi! Ìdajì odidi kan ni Àǹtí jẹ.

(Ẹsẹ̀ wíwú kan wà tí kò bá àwàdà mu, ẹ jẹ́ n tètè sọ ọ́. Tó bá jẹ́ ẹsẹ̀ kan ṣoṣo ló wú, tó ń gbóná, tó ń dun èèyàn. Tí mímí bá ń nira téèyàn bá dùbúlẹ̀. Tí aláboyún bá wú lójú àti lọ́wọ́, tí orí ń fọ́ ọ, tí ojú rẹ̀ ń ṣe bàìbàì: ilé ìwòsàn ni, lójú ẹsẹ̀. Amlodipine táwọn ẹlẹ́jẹ̀ ríru ń lò náà máa ń wú èèyàn lọ́rùn ẹsẹ̀. Kò sí irùkẹ̀rẹ̀ tó máa gbọ́ èyí yẹn. Kéèyàn má dá oògùn dúró fúnra rẹ̀, kó padà sọ́dọ̀ ẹni tó kọ ọ́ fún un.)

Lóru, Àǹtí dìde lẹ́ẹ̀mẹfà. Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, bàtà wọlé wọ̀ọ̀! Ó jó yíká pálọ̀. Ó yin irùkẹ̀rẹ̀. Kò mọ̀ pé bẹ́ẹ̀dì ló yẹ kó kí: èèyàn tó bá dùbúlẹ̀ fún wákàtí 7, omi ẹsẹ̀ rẹ̀ á padà sínú ẹ̀jẹ̀, kíndìnrín á sẹ́ ẹ, ìtọ̀ òru dé nìyẹn. Ṣùgbọ́n irùkẹ̀rẹ̀ ló gba ìyìn, Àǹtí bá ní kí òun fi kún un. Ife 4, aago 7 àárọ̀. Ó fi ìgò sóbò kan lé e. Nǹkan bíi lítà kan àti ààbọ̀ nìyẹn, àpò ìtọ̀ àgbàlagbà sì rèé, ìdajì lítà ni ó máa ń gbà kó tó fárígá.

Ni wọ́n bá bọ́ sínú bọ́ọ̀sì, ó di Ìkẹjà. Korobá 150 tí wọ́n máa pín níbi ìnáwó wà lẹ́yìn ọkọ̀, gbogbo wọn ní ìdérí, àwòrán ọkọ àti ìyàwó ń rẹ́rìn-ín lára wọn. Ní Ògèrè, Àǹtí ti sọ̀ kalẹ̀ lẹ́ẹ̀kan. Ní Mówé, ẹ̀ẹ̀kejì. Nígbà tí súnkẹrẹ-fàkẹrẹ wá gbá wọn mú, orí Lọ́ǹgì Bíríìjì ni: ọ̀tún irin, òsì irin, irà lábẹ́, kò sí igbó kan tí ọmọlúàbí lè sá sí.

"Dẹ́rẹ́bà, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi dúró."

"Màmá, ṣé a ò dúró ni? Ọkọ̀ wo lẹ rí tó ń lọ?"

Wọ́n ní kó máa ronú nǹkan míì. Odò ló ń rò. Wọ́n yí rédíò, ìpolówó omi inú ọ̀rá ni. Léèsì rẹ̀ fún un níkùn, gèlè ti yẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ kan, ẹsẹ̀ tó há sínú bàtà láti àárọ̀ tún ti ń wú, nítorí pé ìjókòó ọkọ̀ àti ìdúró agbada, ọmọ ìyá kan náà ni wọ́n. Ó pé ogójì ìṣẹ́jú kí màmá àgbà kan tó wà níwájú tó yíjú padà.

"Ọmọ mi, korobá mélòó lẹ ní ẹ kó?"

Kò sẹ́ni tó dá a lóhùn. Obìnrin mẹ́rin tú ìborùn, wọ́n fi ta aṣọ yí ìjókòó ẹ̀yìn ká, àwọn ọkùnrin kọjú sójú fèrèsé, dẹ́rẹ́bà sọ rédíò di ariwo. Nígbà tí Àǹtí jáde, ojú rẹ̀ mọ́ bí ẹni tó gba ìwé àṣẹ ìrìnnà òkè òkun. Wọ́n dé korobá náà dáadáa, tọkọtaya ń rẹ́rìn-ín lára rẹ̀. Wọ́n dà á nù ní Berger, wọ́n sì fi í sílẹ̀ síbẹ̀.

Ní gbọ̀ngán, kí ìyàwó tó wọlé, ẹsẹ̀ Àǹtí ti kún padà, ó bọ́ bàtà sábẹ́ tábìlì, ó gbé ẹsẹ̀ lé àpò ìrẹsì ẹlòmíì. Ní aago 5, ìyá ìyàwó dúró nídìí ẹrù, ó kà á, ó tún un kà.

"149! Ta ló mú korobá kan?"

Àǹtí yíjú sọ́dọ̀ àwọn onílù. "Ẹ fi í sílẹ̀, ẹ̀gbọ́n mi. Ẹni tó nílò ẹ̀ jù ló mú un."