Ẹ̀kọ́ tí mo kọ́ nídìí oògùn ìyá mi

Ó lé ní ọdún kan tí mo fi gbà pé ìgbàgbé ni ìṣòro ìyá mi. Ẹ̀jẹ̀ ríru wọn kò lọ sílẹ̀, oògùn wọn kì í sì í tán lásìkò tó yẹ kí ó tán, nítorí náà mo sọ ọ́ di iṣẹ́ láti máa pè wọ́n lálaalẹ́ pé, "Màmá, ṣé ẹ ti lo oògùn?" Ìdáhùn kan náà ni mo máa ń gbọ́: "Mo ti lò ó, ọmọ mi." Ọjọ́ tí mo fẹ́ pààrọ̀ aṣọ ìrọ̀rí wọn ni mo rí hóró oògùn mọ́kànlá tí wọ́n rọra wé sínú áńkáṣíìfù kan. Oògùn tí ń mú kí èèyàn tọ omi ara dànù ni gbogbo wọn. Kò sí ẹyọ kan lára àwọn oògùn yòókù níbẹ̀.

Mo jókòó tì wọ́n, mo sì bẹ̀ wọ́n kí wọ́n sọ òótọ́ fún mi. Wọ́n ní bí àwọn bá lò ó, àwọn a máa dìde tọ̀ tó ẹ̀ẹ̀mẹrin lóru, àti pé ẹsẹ̀ àwọn yọ̀ lẹ́nu ọ̀nà ilé ìwẹ̀ lọ́jọ́ kan, ògiri ni àwọn dì mú. Ó dùn mí wọra, nítorí èmi fúnra mi ni mo ní kí wọ́n máa lo gbogbo oògùn pọ̀ lálẹ́ kí ó má baà sú wọn. Nígbà tí a ṣàlàyé fún dókítà, ó ní kí wọ́n máa lo èyí ní òwúrọ̀. Láti ìgbà náà, wọn kò fi í pa mọ́ mọ́.

Ọ̀rọ̀ orúkọ oògùn tún wà níbẹ̀. Mo kó gbogbo oògùn tó wà nílé sínú àpò kan, títí kan èyí tí wọ́n fúnra wọn rà, mo sì gbé e lọ bá apòògùn. Páálí méjì tí orúkọ ara wọn yàtọ̀ ni ó gbé kalẹ̀ níwájú mi: amlodipine, oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru, miligíráàmù 5 ló wà nínú méjèèjì, dókítà méjì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ló sì kọ wọ́n. Ìyá mi ti ń lo ìlọ́po méjì, ìyẹn sì wà lára ohun tó ń mú kí ọrùn ẹsẹ̀ wọn wú. Ó tún yọ ibuprofen tí wọ́n ń lò fún orúnkún sọ́tọ̀, nítorí ó lè mú kí ẹ̀jẹ̀ ríru le sí i, ó sì lè ba kídìnrín jẹ́, pàápàá fún àgbàlagbà tó ń lo oògùn ìtọ̀. Bí ẹ bá ń tọ́jú àgbàlagbà, mo bẹ̀ yín, ẹ gbé irú àpò bẹ́ẹ̀ lọ bá apòògùn, ó kéré tán lẹ́ẹ̀kan lọ́dún.

Àpótí kékeré onílé méje tí a fi ń to oògùn ọ̀sẹ̀ kan wúlò, ṣùgbọ́n ẹ kọ́kọ́ béèrè èyí tí kò gbọdọ̀ kúrò nínú páálí rẹ̀. Bí oògùn bá ṣòro gbé mì, ẹ má ṣe lọ̀ ọ́ láìbéèrè, torí a ṣe àwọn mìíràn kí wọ́n lè máa yọ́ díẹ̀díẹ̀ nínú ara. Bí wọ́n bá sì gbàgbé ti òní, ẹ má ṣe fún wọn ní méjì lọ́la.

Mi ò bi ìyá mi mọ́ bóyá wọ́n ti lo oògùn. Ohun tí mo ń bi wọ́n ni èwo ló ń dà wọ́n láàmú. Lọ́sẹ̀ tó kọjá, wọ́n ní lisinopril, oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru mìíràn tí dókítà ṣẹ̀ṣẹ̀ fún àwọn, ń mú àwọn wú ikọ́ gbígbẹ, wọ́n sì ní kí n bá àwọn pe dókítà kí àwọn tó lo ti alẹ́ ọjọ́ náà.