Mo Gbé Òkúta Lọ sí Abẹ́òkúta

Òkúta náà kò tó hóró ẹ̀wà kan. Ara rẹ̀ rí gbágungbàgun, àwọ̀ rẹ̀ sì dà bíi ti ṣúgà tó fẹ́ jóná. Inú kíndìnrín mi ni wọ́n ti yọ ọ́ lọ́dún tó kọjá, lẹ́yìn òru méjì tí mo fi ń yí gbirigbiri nílẹ̀. Dókítà ní omi tí n kò mu tó ló jẹ́ kí iyọ̀ inú ìtọ̀ mi dì bẹ́ẹ̀. Nọ́ọ̀sì bá mi fi í sínú ìgò òògùn kékeré kan, àtìgbà náà ló sì ti wà nínú báàgì mi. Ẹ má bi mí léèrè ìdí. Ohun tó fìyà jẹ mí tó bẹ́ẹ̀, ó ń ṣe mí bákan láti jù ú sí ààtàn.

Báyìí ni mo ṣe wọ rélùwéè ní Èbúté Mẹ́ta lọ kí Màmá Ìbarà, ẹ̀gbọ́n ìyá mi, tí mo gbé òkúta lọ sí ìlú òkúta. Láti 1830 tí àwọn Ẹ̀gbá ti tẹ̀dó sábẹ́ Olúmọ, mi ò rò pé ẹnì kan tún gbé òkúta wá fún wọn. Èmi nìkan ni mo ń rẹ́rìn-ín nínú ọkọ̀.

Màmá kò rẹ́rìn-ín. A ṣẹ̀ṣẹ̀ jẹ láfún tán ni mo fi ìgò náà hàn wọ́n.

“Kí lèyí?”

“Òkúta tí wọ́n yọ nínú mi ni, Mà.”

“O wá ń gbé e kiri? Irun tí a bá fá, a máa ń kó o mọ́lẹ̀. Èékánná tí a bá gé, a máa ń kó o. Ìwọ́ rẹ, ẹ̀yìnkùlé ibí yìí ni èmi àti ìyá rẹ sin ín sí. Ìwọ wá gbé ohun tó ti inú rẹ jáde, o gbé e wọ rélùwéè!”

Tàlàbí lorúkọ Màmá; àlà, awọ fẹ́lẹ́ tó ń bo ọmọ nínú oyún, ló bò wọ́n lórí nígbà tí ìyá wọn bí wọn. Ká ní ọkùnrin ni wọ́n ni, Sàlàkọ́ ni à bá máa pè wọ́n. Kí ọ̀rọ̀ lè rọlẹ̀, mo sọ fún wọn pé láyé àtijọ́, àwọn atukọ̀ òkun ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì a máa fowó ra irú àlà bẹ́ẹ̀, wọ́n tiẹ̀ ń polówó rẹ̀ nínú ìwé ìròyìn, pé ẹni tó bá ní in lọ́wọ́ kò ní kú sómi.

“Àwọn Òyìnbó?” Màmá pàtẹ́wọ́. “Àwa fi sọ ọmọ lórúkọ, àwọn fi pawó.”

Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, ọmọ Màmá tó jẹ́ alápatà mú mi lọ sí odò ẹran ní Láfẹ́nwá. Ẹni tí kò bá lè gba òórùn ẹ̀jẹ̀ kó má dé ibẹ̀. Ọwọ́ àwọn ọmọkùnrin tó ń tú inú ẹran ni mo ń wò. Bí òróòro bá ti jáde, kí wọ́n tó jù ú nù, wọn a kọ́kọ́ fi àtàǹpàkò àti ìka ìlábẹ̀ tẹ̀ ẹ́ láti òkè dé ìsàlẹ̀, bí ẹni tó ń wá owó tó sọnù sí etí aṣọ. Òkúta ni wọ́n ń wá. Àwọn ará Ṣáínà ń fi í ṣe òògùn ibà líle àti rọpárọsẹ̀, gíráàmù ni wọ́n fi ń wọ̀n ọ́n, ó sì ti wọ́n ju wúrà lọ rí. Bọ̀dá ní ẹ̀ẹ̀kan péré ni òun rí i láti ọjọ́ tí òun ti ń pa ẹran, ó sì dákẹ́. Mi ò bi í léèrè ohun tó fowó náà ṣe.

Ṣàkì ni wọ́n là tẹ̀lé e. Háà! Náílọ́ọ̀nù píọ̀ wọ́tà, okùn, àkísà, gbogbo rẹ̀ lọ́ mọ́ra wọn nínú ikùn ẹran kan ṣoṣo. Láàrín rẹ̀ ni nǹkan roboto kan ti já bọ́, ó tó ọsàn kékeré. Wọ́n fẹ́ ta á nípàá sínú gọ́tà, mo ní kí wọ́n fún mi. Ó fúyẹ́, ara rẹ̀ sì ń dán bíi bàtà tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ kùn. Bọ̀dá fi ọ̀bẹ ha ẹ̀gbẹ́ rẹ̀: irun ni. Irun ara màlúù náà tó ń fi ahọ́n lá mì lójoojúmọ́, tí ikùn ń yí mọ́ra títí tó fi ki.

Ìbátan nǹkan yìí, èyí tó ń ti ikùn ewúrẹ́ Páṣíà wá, ni àwọn ọba Yúróòpù ń fi wúrà dè. Àwọn ará Páṣíà pè é ní pādzahr, ohun tó ń lé oró, ibẹ̀ lorúkọ bezoar ti wá. Aporó ni àwa ìbá pè é. Charles Kẹsàn-án, tó jọba ilẹ̀ Faransé láti 1560 sí 1574, ní ọ̀kan. Ambroise Paré, oníṣẹ́ abẹ rẹ̀, ní irọ́ ni. Wọ́n wá alásè kan tí wọ́n fẹ́ yẹgi fún nítorí àwo fàdákà tó jí, wọ́n ní kó yàn: okùn, tàbí májèlé pẹ̀lú òkúta náà. Ó yan òkúta. Wákàtí mélòó kan ló fi joró kó tó kú. Mo sọ ìtàn yìí fún àwọn alápatà. Ohun kan ṣoṣo tí wọ́n bi mí ni pé àwo mélòó ló jí.

Ìtòkú ni mo gbà lọ. Àdìrẹ ni ọ̀pọ̀ èèyàn ń bá lọ síbẹ̀. Àwọn lékúlẹ́jà ni èmi bá lọ. Orí ọ̀bọ gbígbẹ, ọ̀gà tó ká ìrù sínú, awọ ejò. Ìpẹ́ akika wà nínú agolo mílíìkì kan. Òfin àgbáyé ti dè é láti 2017, ìyá náà sì fi aṣọ bò ó nígbà tí ojú mi pẹ́ níbẹ̀. Mo fi bọ́ọ̀lù irun mi hàn wọ́n. Wọ́n yí i lọ́wọ́, wọ́n dá a padà, kò sí ẹni tó ń béèrè rẹ̀. Àmọ́ wọ́n ti rí ìgò inú báàgì.

“Ìyẹn ńkọ́? Ti ẹran wo ni?”

“Tèmi ni, Ìyá. Inú mi ni wọ́n ti yọ ọ́.”

Ọwọ́ tí wọ́n ti nà padà kíá.

“Ọmọ mi, èmi kì í ra ara èèyàn.”

Wọ́n wo ọ̀tún, wọ́n wo òsì, wọ́n ní kí n jọ̀ọ́ máa lọ, kí ará ọjà má baà rò pé a ti jọ ń ná an. Àwọn orí ọ̀bọ náà ń wò mí láti orí àtẹ. Ojú tì mí.

Lálẹ́, Màmá mú tọ́ọ̀ṣì, wọ́n gbé ṣọ́bìrì lé mi lọ́wọ́, ó di ẹ̀yìnkùlé, lábẹ́ igi àgbálùmọ̀ tí ìwọ́ mi wà. Mo gbẹ́ ẹ lẹ́ẹ̀kan, ṣọ́bìrì dún gbaan. Àpáta. Mo sún sí ọ̀tún, àpáta. Mo ní ṣé ó dá wọn lójú pé ibí ni, báwo ni wọ́n ṣe rí ilẹ̀ gbẹ́ nígbà náà?

Màmá tan tọ́ọ̀ṣì sí ìdí ògiri.

“Sún sọ́hùn-ún. Ìyá rẹ náà sún lọ́jọ́ yẹn.”